Àga onílẹ̀kùn nínú ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́: ká tú u ni, àbí ká fi í sílẹ̀?

Ìbéèrè òǹkàwé

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Èmi àti àwọn ọmọ mi lọ sí Whitby, létí òkun ní Yorkshire, a sì gun àtẹ̀gùn 199 yẹn dé ṣọ́ọ̀ṣì St Mary tó wà lórí òkè. Ohun tí mo bá níbẹ̀ yà mí lẹ́nu. Àpótí ńláńlá ni àga wọn, ó nílẹ̀kùn, ó ní ìkọ́. Wọ́n kọ ọ́ sára àwọn kan pé àlejò nìkan ni kó jókòó síbẹ̀. Àga ìdílé olówó kan tún wà lókè, lórí òpó, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dí ojú pẹpẹ tán. Ṣé bó ṣe yẹ kí ilé Ọlọ́run rí nìyẹn?

Ohun tó jẹ́ kí n béèrè ni pé nínú ìjọ tí à ń lọ níbí, ìjọ Áńgílíkánì tó ti pẹ́ gan-an, wọ́n fẹ́ kó gbogbo àga gígùn kúrò, kí wọ́n ra àga onífóòmù. Ọkọ mi ní àga ìgbéraga ni, kí wọ́n kó o jáde lónìí kó má dọ̀la. Ìyá àgbà kan sì sunkún nípàdé. Ta ni ká gbè lẹ́yìn?

* * *

Ọ̀pọ̀ òǹkàwé mìíràn ti kọ èrò àti ìbéèrè tiwọn wá lórí ọ̀rọ̀ yìí, n ó sì máa dá wọn lóhùn bí a ṣe ń lọ. Kí n tètè sọ tèmi: ẹ má jẹ́ kí wọ́n tú àga kan títí ẹ ó fi mọ ìgbà tó dé ibẹ̀, ẹni tó sanwó rẹ̀, àti ohun tó wà níbẹ̀ kó tó dé. Àga inú ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ ló máa ń sọ fún yín ẹni tí wọ́n kà séèyàn nínú ìjọ yẹn àti ẹni tí wọ́n ní kó dúró sẹ́yìn. Ẹ kà á ná, kẹ́ ẹ tó pinnu.

Ní ti Whitby, ẹ ti rí ohun tí kò pọ̀ mọ́ ní gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nǹkan bí ọdún 1110 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ St Mary's, àmọ́ púpọ̀ nínú ohun tẹ́ ẹ rí nínú rẹ̀, iṣẹ́ àárín ọdún 1600 sí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1800 ni. Ìlú apẹja ni Whitby, ìlú àwọn tó ń kan ọkọ̀ òkun sì ni. Bí èrò ṣe ń pọ̀, dípò kí wọ́n wó ṣọ́ọ̀ṣì kí wọ́n tún un kọ́, ńṣe ni wọ́n ń fi pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kún pẹ̀tẹ́ẹ̀sì nínú rẹ̀, tí wọ́n ń fi àga kún àga. Ní 1819 wọ́n fẹ ẹ̀gbẹ́ àríwá rẹ̀ kí àyè lè gbà wọ́n. Bí ẹ bá gbójú sókè, fèrèsé tó wà nínú òrùlé yẹn jọ ti inú ọkọ̀ òkun, àwọn ará ìlú náà sì máa ń sọ pé káfíńtà ọkọ̀ ló ṣe é.

Mo ti jókòó nínú ọ̀kan lára àwọn àpótí yẹn. Ìjókòó yí ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta inú rẹ̀ ká, ìyẹn ni pé bí ìdílé kan bá wọlé, àwọn kan á kọjú sí oníwàásù, àwọn kan á kọ̀yìn sí i. Pákó rẹ̀ ga débi pé ọmọ kékeré kò lè rí nǹkan kan àyàfi àjà. Mo ń gbọ́ ẹsẹ̀ àwọn tó ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tó ń ró lórí òkúta, mi ò rí ẹnì kankan nínú wọn. Oníwàásù nìkan ló ń rí gbogbo yín láti òkè. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, a óò padà dé ibẹ̀.

* * *

Ẹnì kan kọ̀wé pé “àga wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé.” Rárá o. Fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, ìdúró ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì, tàbí ìkúnlẹ̀. Koríko ni wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀. Bí àga bá wà, òkúta tí wọ́n kọ́ mọ́ ara ògiri ni, fún arúgbó àti aláìlera. Àárín ṣọ́ọ̀ṣì ṣófo gbalaja, wọ́n ń ṣe ìpàdé ìlú níbẹ̀, wọ́n ń ná ọjà níbẹ̀ nígbà mìíràn.

Ìgbà tó di nǹkan bí ọdún 1400 sókè ni bẹ́ńṣì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́pọ̀. Àwọn agbẹ́gilére sì fi ọwọ́ sí i dáadáa. Ẹni tó bá lọ sí Zennor ní Cornwall á rí orí bẹ́ńṣì kan tí wọ́n gbẹ́ ní nǹkan bí ọdún 1400 sí 1500: màmíwọ́tà ni, ó mú dígí lọ́wọ́ kan, ó mú ìyarun lọ́wọ́ kejì. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì o! Inú mi máa ń dùn sí àga yẹn, torí ó fi hàn pé ohun tí àwọn ará etíkun ń rò lọ́kàn ni wọ́n kó wọnú ilé àdúrà, kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé kí wọ́n fi í sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Ìgbà tí Ìjọ Gẹ̀ẹ́sì yapa kúrò lọ́dọ̀ Póòpù ni nǹkan wá yí padà pátápátá. Ìwàásù di ohun pàtàkì, ìwàásù sì gùn, wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀. Ta ló fẹ́ dúró fún ìyẹn? Ibi tí àga ti di ọ̀ranyàn nìyẹn, ibẹ̀ náà sì ni ìjà ẹni tó máa jókòó síwájú ti bẹ̀rẹ̀.

* * *

Sí ẹni tó béèrè pé kí ló dé tí igi fi yí pẹpẹ ká bí ọgbà: ọ̀rọ̀ àwọn ọdún 1630 nìyẹn. Laud, bíṣọ́ọ̀bù àgbà ti Canterbury, ló tẹnu mọ́ ọn pé kí wọ́n gbé tábìlì ìdàpọ̀ lọ sí ìparí ìlà-oòrùn, kí wọ́n sì fi igi yí i ká. Ọ̀kan lára ìdí tí wọ́n sọ ni kí ajá má bàa dé ibẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ ń mú ajá wá sí ìsìn nígbà yẹn. Kì í ṣe ìtàn àwàdà, wọ́n tiẹ̀ ń gba ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ lílé ajá jáde nínú ṣọ́ọ̀ṣì.

* * *

Ó dáa, ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn. Èrò méjì ló pọ̀ jù nínú ohun tẹ́ ẹ kọ. Àwọn kan ní nítorí òtútù ni. Àwọn kan ní nítorí ìgbéraga ni.

Òtútù jẹ́ òótọ́. Ẹni tó bá ti wà lórí òkè Whitby yẹn lóṣù kìíní, tí afẹ́fẹ́ òkun ń fẹ́ wọlé lábẹ́ ilẹ̀kùn, kò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn pé pákó tó ga yẹn wúlò. Sítóòfù ńlá kan wà láàárín àwọn àga níbẹ̀ títí dòní, páìpù èéfín rẹ̀ sì gba ọ̀nà òkè jáde. Àbẹ́là ni wọ́n sì ń tàn nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì náà. Àwọn olówó láwọn ibòmíràn ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ: ní Minstead, nínú igbó New Forest, àga ìdílé kan ní ààrò ìdáná tirẹ̀ nínú, bíi pálọ̀.

Ṣùgbọ́n òtútù kì í kọ orúkọ sára ilẹ̀kùn. Bó bá jẹ́ òtútù nìkan ni, èéṣe tí àga tálákà kò fi ní ilẹ̀kùn? Ẹ̀yìn, lórí bẹ́ńṣì tí kò ní ohun tí èèyàn máa fi ẹ̀yìn tì, ni wọ́n ń fi wọ́n sí. Nítorí náà, mi ò gbà pẹ̀lú ẹni tó ní ká má ka ẹ̀ṣẹ̀ sí wọn lọ́rùn. Òtútù ló bí pákó, ipò láwùjọ ló bí ilẹ̀kùn.

* * *

Òfin àga, torí mo rí i pé èyí ló ń da ọ̀pọ̀ yín láàmú.

Lábẹ́ òfin ìjọ Gẹ̀ẹ́sì, gbogbo ará àdúgbò ló ní ẹ̀tọ́ sí ibi tí yóò jókòó nínú ṣọ́ọ̀ṣì àdúgbò rẹ̀. Àga jẹ́ ti gbogbo ìjọ, àwọn wọ́dìn, ìyẹn àwọn alábòójútó ṣọ́ọ̀ṣì, ló ń pín in lórúkọ bíṣọ́ọ̀bù. Bẹ́ẹ̀ ni òfin wí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ìdílé ńlá lè gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ bíṣọ́ọ̀bù pé ibi báyìí jẹ́ tiwọn. Àga mìíràn sì wà tó bá ilé lọ: ẹni tó bá ra ilé náà ti ra ẹ̀tọ́ àga. Ẹ wo bó ṣe rí, èèyàn ra ilé, ó sì ra ibi tí yóò ti gbàdúrà mọ́ ọn.

Lẹ́yìn náà ni owó àga wá, pàápàá láwọn ṣọ́ọ̀ṣì tuntun tí wọ́n ń kọ́ sáàárín àwọn ìlú ńlá. Wọ́n ń yá àga lọ́dọọdún bí ìgbà téèyàn ń yá ṣọ́ọ̀bù, owó yẹn ni wọ́n sì fi ń san owó oṣù àlùfáà. Ìjọba fi mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn sílẹ̀ ní 1818 láti fi kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì sí àwọn ìlú tí èrò ti pọ̀, nítorí wọ́n rí i pé òṣìṣẹ́ kò rí ibi jókòó sí mọ́. Nígbà tí wọ́n ka àwọn tó wá sí ìsìn jákèjádò England àti Wales ní ọjọ́ 30 oṣù kẹta 1851, wọ́n ní kí ṣọ́ọ̀ṣì kọ̀ọ̀kan kọ iye ìjókòó ọ̀fẹ́ àti iye tó ní olówó lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ìjọba pàápàá mọ̀ pé nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

Ẹnì kan dáhùn pé owó náà ló gbé ìjọ ró, pé bí kò bá sí i, àlùfáà ì bá má jẹun. Mo gbọ́. Àmọ́ ẹ ro ti ìránṣẹ́bìnrin tó fi àárọ̀ ọjọ́ ìsinmi kan ṣoṣo rẹ̀ wá sí ilé Ọlọ́run, tó rí àpótí mẹ́wàá tó ṣófo tí wọ́n ti ilẹ̀kùn wọn, tó sì ní láti dúró. Bó bá jẹ́ ọmọ yín ńkọ́? Ohun tó lé òṣìṣẹ́ kúrò nínú ṣọ́ọ̀ṣì Gẹ̀ẹ́sì pọ̀, ìyẹn sì wà lára wọn.

* * *

Àga olówó tó dí ojú pẹpẹ ní Whitby. Mẹ́ta nínú yín ló ti ní kí wọ́n wó o.

Àga ìdílé Cholmley ni. Nígbà tí Ọba Henry Kẹjọ tú ilé àwọn mọ́ńkì ká, tí ti Whitby parí ní 1539, àwọn Cholmley ló wá ni ilẹ̀ ilé àwọn mọ́ńkì náà, wọ́n sì di olúwa ìlú. Láàárín ọdún 1600 sí 1700 ni wọ́n gbé àga yìí sókè, lórí òpó onígi mẹ́rin tí wọ́n lọ́ po, ní ẹnu àbáwọlé ibi mímọ́ gan-an. Ẹni tó bá wà nísàlẹ̀, bó bá fẹ́ wo pẹpẹ, Cholmley ni yóò kọ́kọ́ rí.

Ó burú, mo gbà. Síbẹ̀ mi ò ní gbà kí ẹnikẹ́ni kan ìṣó kan lára rẹ̀. Ìdí mi rèé: bí ẹ bá wó o, ẹ ti ran àwọn Cholmley lọ́wọ́ láti sá kúrò nínú ìtàn. Kò sí ìwé tó lè sọ fún ọmọ yín bí olówó ṣe di alágbàwí láàárín tálákà àti pẹpẹ, bí kó dúró nísàlẹ̀ àga yẹn kó sì nàgà. Ẹ̀yin fúnra yín, ṣebí ibẹ̀ ni ìbéèrè yín ti jáde?

Ní ti àga tí wọ́n kọ àlejò sí, ẹ má bínú sí i jù. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì tí gbogbo ìjókòó ti ní olówó, kí wọ́n ya ibi kan sọ́tọ̀ fún ẹni tí wọn ò mọ̀ rí, oore ni. Atukọ̀ tí ọkọ̀ rẹ̀ gúnlẹ̀ lánàá, tó gun àtẹ̀gùn yẹn wá lónìí, ó ní ibi tí ẹnikẹ́ni kò lè lé e dìde.

* * *

A ti ń yà kúrò lójú ọ̀nà díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ gbà mí láàyè. Àga ìwàásù Whitby ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀. Wọ́n ṣe é ní 1778, ó ní àjà mẹ́ta. Akọ̀wé ìjọ ń jókòó sí ìsàlẹ̀ pátápátá, òun ló ń ṣe “Àmín” kíkankíkan kí ìjọ lè tẹ̀ lé e. Àlùfáà ń ka àdúrà àti bíbélì láti àárín. Bí ìwàásù bá kàn, á gun òkè lọ.

Lára àga ìwàásù yẹn ni fèrè ìgbọ́rọ̀ wà, ohun gígùn tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀, tí wọ́n ṣe fún ìyàwó àlùfáà kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1800 nítorí etí rẹ̀ di. Ìyẹn ni pé wọ́n tún àga ìwàásù odindi ìjọ ṣe nítorí obìnrin kan tí kò gbọ́rọ̀. Ẹni tó bá ń sọ pé a kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ohun àtijọ́ láti fi àyè gba abirùn, kó lọ wo fèrè yẹn. Ohun àtijọ́ fúnra rẹ̀ ti gba àyè fún wọn kí bàbá ńlá wa tó gbọ́ orúkọ Whitby.

Nípa gíga rẹ̀: mo ní kẹ́ ẹ fi í sọ́kàn. Nígbà tí àga bá ga tí àpótí sì dí, oníwàásù ní láti gòkè kó lè rí wọn. Nígbà tí wọ́n fi pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kún un, ó tún ní láti ga sí i kí àwọn ará òkè lè gbọ́. Ohun gbogbo nínú ṣọ́ọ̀ṣì ń fa ara wọn. Bí ẹ bá yí àga padà, ohùn yóò yí padà, ìmọ́lẹ̀ yóò yí padà, ibi tí ooru ń gbà yóò yí padà. Ìyẹn ni àwọn tó ń sáré kó àga jáde kì í rò.

* * *

Òǹkàwé kan láti Ìbàdàn bínú: “Kí ló kan Yorùbá nínú àga òyìnbó?”

Ó kàn wá, ẹ̀gbọ́n mi. Ọmọ Exeter ní Devon ni Henry Townsend, míṣọ́nnárì tó wá dá iṣẹ́ ìjọ sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Àjàyí Crowther fúnra rẹ̀ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ìjọ ní Islington, ní Lọ́ńdọ̀nù, ní 1826, nígbà tí àga onílẹ̀kùn àti owó àga ṣì wà káàkiri. Irú ṣọ́ọ̀ṣì tí àwọn èèyàn yìí mọ̀ ni wọ́n gbé wá sọ́dọ̀ wa. Ẹ wo Kàtídírà Marina ní Èkó, tí Bagan Benjamin ya àwòrán rẹ̀, tí wọ́n fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní 1925, tó sì parí ní 1946. Fèrèsé rẹ̀ ṣóńṣó lórí, òpó rẹ̀ ga, àga gígùn kọjú sí pẹpẹ ní ìlà méjì. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ìlànà yẹn ti wá, ọmọ wa ló sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ yà á.

A sì mú àṣà wọ̀nyẹn, a sọ ọ́ di tiwa. Ta ni kò mọ àga baba ìjọ? Ta ló máa ṣèèṣì jókòó sí ibi tí ìyá ìjọ ń jókòó? Ẹgbẹ́ yìí wà lápá ọ̀tún, ẹgbẹ́ yẹn wà lápá òsì. Nínú àwọn ìjọ abúlé kan, ọkùnrin wà níhìn-ín, obìnrin wà lọ́hùn-ún, bẹ́ẹ̀ náà làwọn Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe nígbà kan, tí wọ́n ń fi obìnrin sápá àríwá. Lára àga, ẹ ó rí àwo idẹ kékeré: “Ní ìrántí bàbá wa, láti ọwọ́ àwọn ọmọ.” Mo mọ ìjọ kan nílé tí wọ́n ti lé àlejò dìde nínú àga lọ́jọ́ ìkórè, nítorí wọ́n ní olórí ẹgbẹ́ kan ń bọ̀ lọ́nà. Aṣọ àlejò náà kò jọ ti ẹgbẹ́. Ó jáde, kò padà mọ́, ọ̀rọ̀ náà sì dùn mí títí dòní. Àwọn yẹn kò ní ilẹ̀kùn lára àga, wọn ò nílò rẹ̀.

Nítorí náà, bí a bá ń na ìka sí Whitby, ká na ọ̀kan sílé pẹ̀lú.

* * *

Ká padà sí ìjọ ẹni tó béèrè, torí òun ló ni ọjà tá a pàtẹ yìí.

Mo ti wo àpèjúwe tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́: àga gígùn tó lọ sílẹ̀, kò nílẹ̀kùn, gbogbo rẹ̀ kọjú sí ìlà-oòrùn, igi páìnì pupa ni, ó sì dúró lórí pákó tó ga díẹ̀ ju ilẹ̀ lọ. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè fọwọ́ sọ̀yà pé iṣẹ́ ayé Ọbabìnrin Victoria nìyẹn. Ẹgbẹ́ kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Cambridge dá sílẹ̀ ní 1839, Cambridge Camden Society, ló gbógun ti àga onílẹ̀kùn. Wọ́n ní ó ń ya ìjọ, ó ń bo pẹpẹ, ó ń fi olówó sókè. Wọ́n fẹ́ bẹ́ńṣì tó dọ́gba fún gbogbo èèyàn. Wọ́n sì borí. Láàárín àwọn ẹ̀wádún tó tẹ̀ lé e, káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n tú àga onílẹ̀kùn ká, wọ́n wó pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Whitby wà lára ìwọ̀nba tó bọ́.

Ẹ rí i báyìí? Àga tí ìyá àgbà ń sunkún lé lórí yìí, nígbà tó dé, òun ni àga tuntun tí àwọn ìyá àgbà ìgbà yẹn sunkún nítorí rẹ̀. Ohun tí mo sọ yìí kì í ṣe láti fi gbé e ṣubú o. Ẹkún rẹ̀ tọ́. Bóyá ibẹ̀ ni òun àti ọkọ rẹ̀ ti jókòó ní gbogbo ọjọ́ ayé wọn. Ṣùgbọ́n ọkọ yín pàápàá kò mọ̀ pé ohun tó ń pè ní àga ìgbéraga, òun gan-an ni wọ́n fi lé ìgbéraga jáde.

Ẹ wo ara ògiri ṣọ́ọ̀ṣì yín dáadáa. Bí pákó onígun mẹ́rin bá wà lára rẹ̀, tó ga dé ìbàdí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pákó àga onílẹ̀kùn àtijọ́ ni, tí wọ́n gé kúrú tí wọ́n kàn mọ́ ògiri. Wọn kì í da igi rere nù. Bí ẹ bá rí nọ́ńbà tó ti ń parẹ́ lára rẹ̀, ẹ yà á ní fọ́tò.

* * *

“Ṣé ìgbìmọ̀ ìjọ lè kàn dìbò kí wọ́n kó o jáde?” Rárá. Bó bá jẹ́ ìjọ Áńgílíkánì ní England, wọ́n gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ tí wọ́n ń pè ní faculty, adájọ́ ilé ẹjọ́ bíṣọ́ọ̀bù ló ń fi í fúnni. Bí ilé náà bá wà nínú ìwé ilé àjogúnbá, wọn yóò ní kẹ́ ẹ kàn sí àwọn àjọ tó ń dáàbò bo ilé àtijọ́, bíi Historic England àti Victorian Society. Láti ìgbà ìdájọ́ kan ní 2012 lórí ṣọ́ọ̀ṣì St Alkmund ní Duffield, àwọn ìbéèrè kan ti di èyí tí adájọ́ ń tọ̀: ṣé àyípadà yìí yóò ba iyì ilé náà jẹ́, báwo ni ìbàjẹ́ náà ṣe tó, àti pé ṣé àǹfààní tí ìjọ yóò rí níbẹ̀ jù ú lọ. Ọ̀rọ̀ pé “a fẹ́ kó rí bíi tòde òní” kò ní tó o. Ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ fi àyè náà ṣe, ọjọ́ wo, fún ta ni.

Nípa àga onífóòmù: ìmọ̀ràn àjọ tó ń bójú tó ilé ìjọ ní England ni pé kí ìjọ ra àga onígi tí wọn kò fi fóòmù bò. Mo gbà pẹ̀lú wọn tọkàntọkàn. Fóòmù ń gba ọ̀rinrin, aṣọ rẹ̀ ń yí àwọ̀, àbàwọ́n tíì kì í jáde. Ó tún ń gbé ohùn mì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọrin láìlo máíkì, ẹ ó rí i lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé orin ti kú díẹ̀. Àga onígi tó ṣeé tò léra ló dára, owó rẹ̀ sì lè ju ti fóòmù lọ lákọ̀ọ́kọ́, mi ò ní purọ́ fún yín.

Ẹnì kan ní ọmọ òun ń lo kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara, pé kò sí ibi tó lè dúró àyàfi ẹ̀yìn pátápátá tàbí ọ̀nà àárín, tí gbogbo èèyàn yóò máa fò ó kọjá. Èyí ni ẹjọ́ tó lágbára jù nínú gbogbo ohun tí mo kà níbí. Ṣùgbọ́n kò pọn dandan kẹ́ ẹ kó gbogbo àga jáde nítorí rẹ̀. Ẹ gé méjì kúrú láàárín, kì í ṣe lẹ́yìn, kó lè jókòó ti ìyá rẹ̀. Adájọ́ kì í sábà ṣòro níbi irú àtúnṣe kékeré yẹn.

* * *

Ọ̀rọ̀ ijó ìdúpẹ́ ńkọ́? Mo mọ̀ pé ẹnì kan á béèrè. Ọ̀nà àárín tí wọ́n fi sílẹ̀ fún òyìnbó méjì tó ń rìn jẹ́jẹ́ kò lè gba ìdílé Yorùbá tó ń jó lọ síbi pẹpẹ pẹ̀lú gèlè àti agbádá. Mo ti rí i tí agbádá há mọ́ orí àga, tí aṣọ ya. Bí ìjọ yín bá ní ọmọ Nàìjíríà púpọ̀, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé tẹ́ ẹ fi ń béèrè àṣẹ. Ọ̀nà ìjọsìn ni, kì í ṣe àríyá. Wọ́n lè yọ ìlà àga méjì níwájú, wọ́n sì lè sún ti ẹ̀gbẹ́ kan sẹ́yìn. Ìyẹn nìkan ti tó.

* * *

Ó ku ọ̀rọ̀ pákó abẹ́ àga, èyí tí ẹnikẹ́ni kò tíì dárúkọ, tó sì jẹ́ pé òun ló ń jẹ owó jù. Kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ ní kí káfíńtà ṣí ẹyọ pákó kan níbi tí ọ̀rinrin pọ̀ jù, lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti gba ìyọ̀ǹda. Lábẹ́ rẹ̀ ẹ lè bá ilẹ̀ lásán, igi tó ti jẹrà, tàbí òkúta ibojì tí wọ́n kọ orúkọ sí. Bó bá jẹ́ òkúta, ètò yín yí padà lọ́jọ́ yẹn. Bí páìpù omi gbígbóná bá gba abẹ́ àga kọjá, ẹ béèrè ibi tí ooru yóò ti máa wá bí àga bá lọ. Mo mọ ìjọ kan tó kó àga jáde nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí inú wọ́n dùn títí di oṣù kọkànlá. Nígbà tí òtútù dé, wọ́n wá rí i pé àwọn ti kó ohun tó ń bo páìpù àti ohun tó ń dí afẹ́fẹ́ jáde papọ̀.

Ní ti àwo idẹ tó wà lára àga, ẹ kọ gbogbo orúkọ sílẹ̀ kí wọ́n tó tú ìṣó kan. Ẹ wá àwọn ìdílé náà, ẹ kọ̀wé sí wọn, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ àwo náà tàbí àga fúnra rẹ̀. Ìyá àgbà yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bi. Kẹ́ ẹ sì ní kó fi ibi tó ń jókòó hàn yín, kí àga yẹn lè wà lára àwọn tẹ́ ẹ máa fi sílẹ̀.